Orúnkún Kì í Gba Ìkánjú

Ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ fisíò ní yunifásítì.

"Alhaja," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí kí ènìyàn kàn máa fi òróró pa ara onára?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú, nítorí ìbéèrè yẹn gan-an ni bàbá mi bi mí nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Mo ní kí ìyá yẹn jẹ́ kí n lọ ronú. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ohun tó wà nínú mi pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà lọ, ni mo bá jókòó kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Súlífátù ni orúkọ mi. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Peckham ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n máa bọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀sì London ṣì ń gbé kọ́ńdọ́kítọ̀ kiri. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe ní ilé ìwòsàn kan, mo ń ti àga onítáyà, mo ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn fisíò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á mú ẹni tí kò lè dìde, wọ́n á gbé e dúró, wọ́n á sì bá a rìn díẹ̀díẹ̀ títí dé ojú fèrèsé. Ẹni náà á wo ìta, ojú rẹ̀ á yàtọ̀. Ọkàn mi fà sí i. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo yege, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Kò sí ìtàn púpọ̀ nínú ìyẹn. Owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà, kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ẹni tó bá ń wá ọrọ̀, kó tètè yà sí ọ̀nà mìíràn.

Ibi tí ìtàn wà ni ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi.

Miss Beckford ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ funfun wọn kì í rún. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá bínú, ṣe ni ohùn wọn ń lọ sílẹ̀, tí ìwọ náà á sì máa sún mọ́ wọn kí o lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọ wí. Ilé ìwòsàn tí a wà ò jìnnà sí Kennington, àwọn tó ń gbé nínú ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba, ní àdúgbò yẹn ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn wa.

Ẹ̀rọ ló kún yàrá iṣẹ́ wa nígbà náà: iná pupa tó ń mú ara gbóná, abọ́ ìda yíyọ́ tí àwọn àgbà ń ti ọwọ́ bọ̀, ẹ̀rọ kan tó ń fi iná mànàmáná ta iṣan pì, pì, pì. Èmi rò pé mímọ àwọn ẹ̀rọ yẹn lò ni iṣẹ́. Miss Beckford ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kankan. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n di ojú mi.

"Fọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ ọ̀tún," wọ́n ní. "Ó tó. Fọwọ́ lé ti òsì. Kí lọwọ́ rẹ gbọ́?"

"Ọ̀kan wú, Miss Beckford."

"Ojú rẹ ti rí ìyẹn kí o tó dì í. Ọwọ́ rẹ ni mo ń bi."

Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá. Nínú orúnkún, egungun itan jókòó lórí egungun ojúgun bí ẹni gbé òkúta róbótó lé orí pẹpẹ. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, wọ́n á yọ̀ dànù. Okùn líle ni Ọlọ́run fi so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, méjì tó dábùú ara wọn láàárín. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn méjì àárín yẹn ló sábà máa ń já lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí a fi ń mọ̀ ni pé a ó tẹ orúnkún díẹ̀, a ó fi ọwọ́ kan di itan mú, a ó fi ìkejì fa ojúgun síwájú. Bí okùn bá pé, á dá ọ lọ́wọ́ kọ́ gbì, bí ajá tí okùn ọrùn rẹ̀ ti nà tán. Bí ó bá ti já, egungun á kàn máa tẹ̀lé ọwọ́ rẹ ni, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ìdúró yẹn, tàbí àìsí rẹ̀, ni Miss Beckford fẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ́. Wọ́n fi mí síbẹ̀ láti ìgbà òtútù títí igi fi rúwé, wọ́n kàn ń gbé orúnkún kan lọ, wọ́n ń gbé òmíràn wá. Ní ọjọ́ kan tí mo di ojú, mo fa ojúgun ọkùnrin kan, ó yọ́ lọ lọ́wọ́ mi, gbogbo ara mi sì mọ̀ ọ́n kí n tó lanu.

"Ó ti já," mo ní.

Miss Beckford ní, "Káàárọ̀," bí ẹni ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Gbogbo ìyìn tí mo gbà nìyẹn.

Wọn ò fi ọwọ́ nìkan kọ́ mi. Bàbá kan wà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, mo kọ́ ọ ní eré ìdárayá tó máa ṣe nílé, mo kí i pé ó dàbọ̀. Miss Beckford ti dúró lẹ́yìn mi.

"Lífìtì ilé wọn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Lọ bi í."

Mo sáré jáde nínú aṣọ iṣẹ́, mo bá bàbá náà ní ibùdókọ̀. Ó ní lífìtì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òkè pátápátá ni àwọn sì ń gbé, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ yẹn fún òun, òun ò tíì sọ̀ kalẹ̀ wá ra búrẹ́dì rí, àfi tí àwọn ará ilé ìwòsàn bá wá fi ọkọ̀ gbé òun. Lónìí ni òun fẹ́ dán bọ́ọ̀sì wò. Mo mú un padà wọlé. A fi gbogbo ohun tí mo ti kọ́ ọ sílẹ̀, bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn la kọ́: ẹsẹ̀ wo ló máa ṣáájú bí ó bá ń gòkè, èwo ló máa ṣáájú bí ó bá ń sọ̀. Miss Beckford ní ẹni tó máa wo orúnkún sàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orúnkún náà ń lọ.

Ẹ máa gbọ́ pé iṣẹ́ kan kì í yí padà. Irọ́ ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún, P.O.P. ni wọ́n máa fi dì í láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, á wà bẹ́ẹ̀ títí. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, itan á ti rù bí apá ọmọdé, orúnkún á ti gan, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi omijé aláìsàn tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ Miss Beckford nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Miss Beckford wá lọ fún ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn odi London. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kó gbogbo wa jọ láàárọ̀.

"Ohun tí mo kọ́ yín nípa dídè," wọ́n ní, "ẹ gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ó yẹ kí orúnkún tètè máa mì. Láti òní lọ, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ la máa bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Àwọn tí a ti dè ńkọ́?"

"Ohun tí a mọ̀ nígbà yẹn la ṣe fún wọn," wọ́n ní. "Ohun tí a mọ̀ lónìí la máa ṣe fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹni tí ìyẹn bá ṣòro fún, kó sọ fún mi nísinsìnyí."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbà tó le sí ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó le sí ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò rí púpọ̀. Nígbà tó yá, abọ́ ìda lọ, iná pupa lọ, ẹ̀rọ pì pì náà lọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ohun tó rọ́pò wọn ò jọni lójú: okùn rọ́bà, àpótí àtẹ̀gùn, ìwọ̀n irin, àga lásán. Lónìí, fóònù ni wọ́n fi ń ya fídíò ẹni tó ń fò, wọ́n á dá a dúró láàárín òfuurufú láti wo ibi tí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ sí. Ó dára. Mo kọ́ ọ, mo sì lò ó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí fóònù tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá lífìtì ilé wọn ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Miss Beckford fẹ̀yìn tì, mo kúrò ní Kennington, mo wá sí kílíníìkì kan nítòsí ilé mi ní Peckham. Àwọn ènìyàn wa ló kún ibẹ̀. Àwọn àgbà á wọlé, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní orúnkún mi ti jẹ," bí ẹni pé kòkòrò ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n á jókòó. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ni iṣan itan ń rọ̀, bí iṣan ṣe ń rọ̀ ni ẹrù ń pọ̀ lórí oríkèé, ìrora á sì máa lé sí i. Mo dá kíláàsì sílẹ̀ fún wọn nínú gbọ̀ngàn àdúgbò, lọ́sàn-án Wẹ́sídeè. Ìdìde lórí àga àti ìjókòó padà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, orúnkún ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Bùsáyọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tirẹ̀ ni mo máa ń rò jù.

Deptford ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan, nítorí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ obìnrin kékeré kan, ó sì mọ̀ ọ́n gbá. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mummy Bùsáyọ̀, ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, wọ́n sì jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní ìjọ kan tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́. Àwọn méjèèjì jọ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bùsáyọ̀ ní òun ń yí padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òun, òun kàn gbọ́ "pọ́", òun sì ti wà nílẹ̀.

"Alhaja," ìyá rẹ̀ ní, "mo ti sọ fún un títí pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe nǹkan ọmọbìnrin."

"Mummy, please," Bùsáyọ̀ ní, ó yí ojú sí ògiri.

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó yọ́ lọ lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ nǹkan kan títí àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà fi dé, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí okùn yẹn já lára rẹ̀ ló nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹlòmíràn á fún iṣan rẹ̀ lágbára, á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ padà sórí pápá bíi ti Bùsáyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Wọ́n mú díẹ̀ lára iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀, wọ́n fi ṣe okùn tuntun fún un. Ọmọ náà múra sí iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń rìn láìtiro, tó fi ń sáré lórí ẹ̀rọ. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn.

"Aunty, kò dùn mí mọ́ rárá," ó ní. "I feel normal. Ìgbà wo ni mo máa gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ó lè tó ọdún kan kí ó tó dá mi lójú," mo ní. "Gbọ́, Bùsáyọ̀. Okùn tí wọ́n fi sí ọ lẹ́sẹ̀ dà bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ gbìn. Ewé rẹ̀ lè tutù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ò tíì mú ilẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, á máa ṣọ́ra. Ìgbà tí kò bá dùn mọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn ará ẹgbẹ́ ńlá kan ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn lè mú ẹni tó bá dára. Ó sọ fún kóòṣì rẹ̀ pé fisíò òun ti ní kí òun máa gbá. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilé ọ̀rẹ́ lòun ń lọ. Ó fi báńdéèjì we orúnkún rẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde sórí pápá. Wọ́n ní ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan rí. Wọ́n ní àwọn tó wá wòran ń béèrè orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó sì fi ẹsẹ̀ yẹn balẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo rí wọn láti inú gíláàsì ilẹ̀kùn. Bùsáyọ̀ wà lórí ọ̀pá méjì, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́. Orúnkún náà wú bíi bọ́ọ̀lù, kò ṣeé nà. Okùn tuntun ti já, ó sì ti fa kérékéré, egungun rírọ̀ tó wà láàárín egungun méjèèjì, ya.

Mummy Bùsáyọ̀ ò jókòó. "Alhaja, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ń ṣe dáadáa. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí."

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Bùsáyọ̀ ló sọ̀rọ̀. "Mummy, Aunty sọ fún mi. She told me. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ìyá yíjú sí i. "O ò wá lè sọ fún èmi ìyá rẹ?"

"Ẹ máa ní kí n má lọ." Ọmọ náà fi ọ̀pá kan gúnlẹ̀. "Ẹ ò wá wò mí gbá bọ́ọ̀lù rí. Not once, Mummy. Gbogbo ìyá àwọn yòókù ń wá."

Mummy Bùsáyọ̀ fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo dá jókòó pẹ̀lú tíì mi títí ó fi tutù. Mo ti sọ fún ọmọ náà. Mo sọ ọ́ ní gbangba, mo fi igi àti gbòǹgbò ṣàpèjúwe fún un. Òótọ́ wà lọ́dọ̀ mi, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa mọ egungun, ẹ máa mọ iṣan, ìwé á kọ́ yín. Ohun tó ṣòro ni pé orúnkún kì í dá wá sí kílíníìkì. Ẹni tó ní in ló ń gbé e wá, ohun tí ẹni yẹn ń fẹ́ láyé àti ohun tó ń bà á lẹ́rù sì jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wo orúnkún Bùsáyọ̀ dáadáa. Ohun tó ń lé e, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́. A pè é, kò gbé e. Mo pàdé ìyá rẹ̀ ní Rye Lane, níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja, wọ́n fara ti òpó, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún wọn, wọ́n ń sinmi kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀.

"Ó kàn ń sùn ṣáá ni," wọ́n ní. "Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ kílíníìkì. Ẹ má bínú sí èyí tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, Alhaja."

"Kò sí ìbínú, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Orúnkún yín yẹn?"

"Aromọléegun ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́, orí àga ni mo ń jókòó láàárín àwọn díákónẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ mi. Mo ń rọra lò ó ni, kó má baà tán."

"Orúnkún kì í ṣe ọṣẹ, Mummy Bùsáyọ̀, tí à ń lò tó ń tán. Bí a ò bá lò ó gan-an ló ń bàjẹ́. Ẹ wá bá mi ní Wẹ́sídeè. Ẹ má mẹ́nu ba ti ọmọ o, ẹ̀yin ni mo ń pè."

Wọ́n wá. Mo kọ́ wọn ní ìdìde lórí àga, mo ní kí wọ́n máa ṣe é nílé lójoojúmọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìyá náà ló wá sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ń ṣe é ní pálọ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí Bùsáyọ̀ gbójú sókè láti orí àga tó dùbúlẹ̀ sí.

"Mummy, ìyẹn kọ́. Orúnkún yín ń wọ inú. Your knees should follow your toes."

"Bí Alhaja ṣe kọ́ mi nìyí."

"Aunty ò lè kọ́ yín báyẹn."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó wá dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ ti orúnkún wọn síta. "Ó yá, ẹ tún un ṣe." Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn méjèèjì ló wọlé sí gbọ̀ngàn. Bùsáyọ̀ ò wo ojú mi. Ó ní, "Aunty, ẹ kú ọ̀sán. Mo mú Mummy wá." Mo ní ó káre. Nígbà tí kíláàsì parí, ó dúró sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé mo ṣì lè bẹ̀rẹ̀ padà?"

A bẹ̀rẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀, láti orí bí iṣan itan ṣe máa jí. Ní ọjọ́ tó bá sú u, mo máa ń sọ fún un pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín pé Alhaja ló tún wá ń pòwe ẹlẹ́dẹ̀. Nínú gbogbo oṣù yẹn, Mummy Bùsáyọ̀ ò pa Wẹ́sídeè kan jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n di etí àga mú, wọ́n sọ orúnkún kan kalẹ̀ sórí tìmùtìmù, wọ́n sọ èkejì, wọ́n sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà tó wà ní kíláàsì dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó yára.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, Bùsáyọ̀ ṣe gbogbo ìdánwò tó yẹ kó ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ kan fò, ó fi èkejì fò, ó ń balẹ̀ jẹ́jẹ́, orúnkún ò yẹ̀. Èmi kọ́ ni mo pè é sí ìdánwò yẹn. Òun ló ní òun fẹ́ mọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Aunty, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó máa dà bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Rárá. Ojú àpá ò lè jọ ojú ara. Ó ti lágbára, mo sì gbà pé ó lè gbé ọ."

"Tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù, ṣé ó tún lè já?"

"Ó lè já. Bí o ṣe múra yìí, kò ní rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé kò lè já, irọ́ ló ń pa. Ẹsẹ̀ rẹ ni, Bùsáyọ̀. Ìwọ lo máa pinnu."

Ó ronú. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn ará ẹgbẹ́ ńlá yẹn ò ní padà wá mọ́. Ó ní òun á padà sí ẹgbẹ́ kékeré òun, kí òun máa gbá a lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nítorí pé bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ òun. Mo wo ìyá rẹ̀. Wọ́n fún ètè wọn pọ̀ bí ẹni tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Nígbà tó pẹ́, wọ́n béèrè pé, "Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?"

Bí mo ṣe bá Mummy Bùsáyọ̀ lọ sí pápá kan ní Sydenham nìyẹn, èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ìjọsìn àárọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, fìlà ìjọ ṣì wà lórí wọn, wọ́n sì wọ bàtà òjò tí wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Wọn ò mọ òfin bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n ń bi mí pé àwọn wo ni tiwa, mo ní àwọn tó wọ búlúù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò jù. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọmọ wọn, bí ó ṣe ń gba bọ́ọ̀lù, bí ó ṣe ń gbé e fún ẹlòmíràn, tó sì ń na ọwọ́ pé kí wọ́n dá a padà fún òun.

Ọmọbìnrin kan láti apá kejì sáré wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú. Èkejì dìde. Bùsáyọ̀ wà nílẹ̀.

Mummy Bùsáyọ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ mi sì ti fẹ́ gbé mi wọ pápá, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì, fisíò mìíràn ló ti ń bójú tó orúnkún rẹ̀ báyìí, mo sì dúró síbi tí mo wà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bùsáyọ̀ ò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ó wo orúnkún rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé koríko, ó dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ ara aṣọ rẹ̀ dànù, ó wo ibi tí a wà. Lẹ́yìn náà ni ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù.

Ìyá rẹ̀ tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tí fèrè dún tí àwọn ọmọ náà jáde, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti parí?"

"Ó tì o, ó ku apá kejì. Wọ́n á sinmi díẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ká máa lọ, òjò ti ń bọ̀."

Mummy Bùsáyọ̀ wo ojú ọ̀run, wọ́n wo ọmọ wọn tó ń mu omi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀ dáadáa.

"Ẹ jẹ́ ká dúró, Alhaja," wọ́n ní.